Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Rí Ọ̀nà Tí Mọ́tò Ò Pọ̀, Tẹ́ Ẹ Bá Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ ní Ìgbèríko Faransé

Gbogbo àwa tá à ń gun kẹ̀kẹ́ l'Àgbádárìgì níbí, bàísíkù ni mò ń wí o, kì í ṣe Márúwá, a mọ ìdí tá a fi ń jáde nídàájí. Tírélà tó ń ti Sẹ̀mẹ̀ bọ̀ la ń sá fún. Tó bá fi máa di aago méje, ẹ́síprẹ́ẹ̀sì ti kún, dáńfó ń já wọ ọ̀nà láìwẹ̀yìn, ọ̀kadà ń gba wánwéè bọ̀, èèyàn á máa tẹ pẹ́dà, á sì máa gbàdúrà.

Àwọn tó ń lọ sí Faransé nínú wa ni mo kọ eléyìí fún, wọ́n sì ti ń pọ̀ báyìí, ọmọ French Village ní Àjàrà tó ráàyè lọ kàwé lọ́hùn-ún, ẹni tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà ní Lyon, ìyá tó gba físà ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ẹ bá mi gbọ́, ẹ má dé ọ̀hún kẹ́ ẹ wá lọ máa gun kẹ̀kẹ́ lójú títì ńlá bí ẹni pé Mówó lẹ ṣì wà. Ìgbèríko wọn kún fún ọ̀nà ọlọ́dà tó dán, tẹ́ ẹ lè gùn fún wákàtí kan kí mọ́tò méjì tó kọjá lára yín. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti oríire o. Ara nọ́ńbà ọ̀nà àti àwọ̀ orí màápù lẹ ti máa mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ tó jáde nílé rárá.

Lẹ́tà tó wà níwájú nọ́ńbà ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀nà tó bá ní A, autoroute nìyẹn, ẹ́síprẹ́ẹ̀sì ńlá tiwọn, kẹ̀kẹ́ ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, òfin ni. N jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, àwọn ọkọ̀ ńlá ló ni ín, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. D jẹ́ ti département, ìyẹn bí ìpínlẹ̀ tiwọn, C sì jẹ́ ti commune, ìlú tàbí abúlé kọ̀ọ̀kan. D àti C yìí ni tiwa. Lórí sàìnbọ́ọ̀dù, ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà A àti N sí máa ń pupa, ti D yẹ́lò, ti C funfun. Òkúta kìlómítà tó wà létí ọ̀nà náà bẹ́ẹ̀ ni, orí ti D yẹ́lò, orí ti N pupa, so tẹ́ ẹ bá ti ṣìnà tí fóònù ti kú, ẹ wo orí òkúta. Nígbà míì ẹ máa rí pátákó búlúù tí wọ́n ya mọ́tò funfun kan sí, kò sí lẹ́tà A níbẹ̀ o, àmọ́ kẹ̀kẹ́ ò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀nà yẹn náà.

Àmọ́ D ju D lọ, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí i. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ wọn kó nǹkan bí 18,000 kìlómítà ọ̀nà N lé àwọn département lọ́wọ́, orúkọ ló yí padà, ọkọ̀ tó ń gba orí ẹ̀ ò yí padà. N6 tó gba Saône-et-Loire kọjá ti di D906, N20 tó gba Lot kọjá ti di D820, tírélà ṣì ń gbà wọ́n. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí D tó ní nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó wá fi 6, 8 tàbí 9 bẹ̀rẹ̀, ẹ fura sí i, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó fi sínú ìrìn yín. D tí èmi fẹ́ràn ni èyí tó kàn so abúlé kan mọ́ ìkejì, tí ẹni tó ń kánjú ò ní rí ìdí kankan tó fi máa gbabẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé nọ́ńbà máa ń yí tẹ́ ẹ bá ti bọ́ láti département kan sí òmíràn, ọ̀nà kan náà ni, ẹ má rò pé ẹ ti sọnù.

Ọ̀rọ̀ màápù wá kàn. Ẹ ra ti ilé iṣẹ́ Michelin, èyí tó jẹ́ pépà, mo mọ̀ pé fóònù ni gbogbo wa ń lò báyìí àmọ́ pépà yẹn máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí gbogbo agbègbè lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ sì fi ọ̀nà wé ọ̀nà. Pupa ni ọ̀nà ńlá, yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, funfun ni kékeré. Funfun ni kẹ́ ẹ máa wá. Ìlà àwọ̀ ewé tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń sọ pé ibẹ̀ rẹwà láti wò, kò sọ pé kò sí mọ́tò o, torí ibi tó rẹwà náà làwọn tó ń gbafẹ́ máa ń wa mọ́tò lọ lóṣù kẹjọ. Ó tún ní àmì kékeré bí orí ọfà lójú ọ̀nà: ọ̀kan ń sọ pé òkè ibẹ̀ ń ga ní mítà 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún mítà, méjì jẹ́ 9 sí 13, mẹ́ta ti ju 13 lọ. Àgbádárìgì tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ wa ò mọ òkè, ẹni tó ń gun 80 kìlómítà níbí láìmikanlẹ̀ lè rí i pé 50 ti tán òun lókun lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àwọn ọfà yẹn.

Lórí fóònù, màápù CyclOSM dáa, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni wọ́n dìídì ṣe é fún, màápù IGN, ti ilé iṣẹ́ màápù ìjọba wọn, náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ọ̀nà oko ló wà lórí ẹ̀. Ẹ kó o sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nídìí wáífáì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń sá lọ láàárín àwọn òkè yẹn. Ọ̀nà tí ò bá dá mi lójú, Google Street View ni mo fi ń wò ó. Tí ìlà funfun bá gba àárín ọ̀nà, mọ́tò ń gbabẹ̀ dé àyè kan. Tí ò bá sí ìlà rárá, tí koríko tiẹ̀ ti ń hù láàárín ọ̀dà, ẹ mú un, ẹ má wẹ̀yìn.

Ohun tó wúlò jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lójú tèmi ni pé kẹ́ ẹ máa wá ọ̀nà tí ọ̀nà míì ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ wo Vaucluse, département kan ní gúúsù. Láti Villes-sur-Auzon dé Sault, D942 ń yí kọ́nà tẹ̀ lé kọ́nà lẹ́bàá àfonífojì Nesque, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Nọ́ńbà ẹ̀ fi 9 bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá wo ohun tí mo sọ lókè nìkan, ẹ máa sá fún un. Àmọ́ D1 wà níbẹ̀ tó gba orí òkè Col des Abeilles lọ sí Sault kan náà, ìyẹn yá, ẹni tó ń kánjú ibẹ̀ ló ń gbà, wọ́n wá fi Nesque sílẹ̀ fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. A75 náà tó ti Clermont-Ferrand lọ sí Béziers, ọ̀fẹ́ ni, àfi orí afárá Millau nìkan ni wọ́n ti ń gbowó. Torí pé ọ̀fẹ́ ni, gbogbo tírélà gorí ẹ̀, N9 àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní D809 báyìí ní Lozère àti Aveyron wá dákẹ́. Ibi tí autoroute ti ń gbowó gidi ńkọ́? Awakọ̀ á sá fún owó, á kó sórí ọ̀nà N tàbí D ńlá tó wà nítòsí, bí ọkọ̀ ṣe máa ń yà gba ẹ̀yìn nígbà tí toll gate Lẹ́kí ń gbowó. So kẹ́ ẹ tó yan ọ̀nà, ẹ bi ara yín pé, ẹni tó fẹ́ tètè dé ìlú tó kàn, ibo ló máa gbà? Tí ìdáhùn bá jẹ́ ọ̀nà míì, ọ̀nà yín dáa nìyẹn.

Ọ̀nà tí mọ́tò ò gbọ́dọ̀ wọ̀ rárá tún wà, voie verte ni wọ́n ń pè é. Ojú irin réluwéè àtijọ́ lọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n hú irin ẹ̀, wọ́n da ọ̀dà sí i, torí ẹ̀ ni kì í fi ní òkè tó le, réluwéè ò lè gun òkè tó dúró ṣánṣán. Òmíràn ń tẹ̀ lé etí kànáàlì. Èyí tó ti Givry lọ sí Cluny ní gúúsù Burgundy wà lára àwọn àkọ́kọ́, 1997 ni wọ́n ṣí i, ó jẹ́ 44 kìlómítà, ojú ẹ̀ sì dán. Nítòsí Bordeaux, èyí tó ti Latresne lọ sí Sauveterre-de-Guyenne wà, orúkọ Roger Lapébie tó gba Tour de France 1937 ni wọ́n fi sọ ọ́. Canal du Midi náà wà, láti Toulouse dé Port-Lauragais ọlọ́dà ni, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀dà tán lọ́pọ̀ ibi, ẹni tí taya ẹ̀ tín-ín-rín ò ní gbádùn ẹ̀. La Loire à Vélo gùn tó nǹkan bí 900 kìlómítà, láti Cuffy nítòsí Nevers títí dé Saint-Brevin-les-Pins létí òkun, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni mọ́tò ò sí o, wọ́n fi ọ̀nà abúlé kún un.

Èmi ò ní tan yín, mo fẹ́ràn voie verte fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì mọ òkè, àti fún ẹni tó mú ọmọ dání. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ eré sáré-sáré wá, ọ̀nà funfun ló dáa jù fún un. Lọ́jọ́ Sunday, voie verte máa ń kún fún ọmọdé, ajá, àgbàlagbà tó ń rìn jẹ́jẹ́, kò sì bójú mu kéèyàn máa sáré kọjá lára wọn. Gbogbo ibi tó bá ti gé títì kọjá, wọ́n á fi irin dí i kí mọ́tò má bàa wọlé, ẹ ó máa dúró, ẹ ó máa gbéra. Ó tún máa ń nà gbọọrọ, kò sí kọ́nà, kò sí òkè, ojú á sú èèyàn.

Ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ pa méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ n fi ọjọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ sùn ní Cluny, ìlú kékeré ni, ilé àwọn mọ́ńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 910 ló sọ ọ́ di olókìkí. Láàárọ̀, ẹ gba voie verte lọ sí ìhà àríwá. Ẹ máa gba ẹsẹ̀ òkè Taizé kọjá, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá gbàdúrà láti gbogbo ayé, ẹni tó bá fẹ́ yà síbẹ̀ lè yà. Tẹ́ ẹ bá dé Cormatin, kò tíì tó 20 kìlómítà, ara ti gbóná, ẹ fi voie verte sílẹ̀, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún gba D14 lọ sí Chapaize. Ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan wà níbẹ̀ tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún. Àtibẹ̀ ni òkè ti bẹ̀rẹ̀, títí dé Brancion, abúlé kékeré tó ní odi ńlá àtijọ́ lórí òkè. Ẹ sinmi níbẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀. Tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ sọ̀ lọ sí Tournus, tírénì wà níbẹ̀, tí kò bá rẹ̀ yín, ẹ gba àwọn ọ̀nà funfun inú pápá màlúù padà sí Cluny. D981 tó ń bá voie verte yẹn rìn láti Cluny lọ sí Givry, ibẹ̀ ni mọ́tò wà, ẹ má gbà á. Tẹ́ ẹ bá sì ń ti apá Mâcon bọ̀ wá sí Cluny, voie verte gba inú tọ́nẹ́ẹ̀lì Bois Clair, ó gùn tó 1.6 kìlómítà, ó tutù, iná ṣe pàtàkì, wọ́n sì máa ń tì í nígbà òtútù nítorí àwọn àdán tó ń sùn síbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ibi tó dákẹ́ jù lọ, kó má wulẹ̀ máa wá a nítòsí Paris tàbí etí òkun gúúsù. Ilẹ̀ tó gba àárín Faransé kọjá láti Meuse lápá ìlà oòrùn àríwá dé Landes ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀. Creuse, Cantal, Corrèze, Lozère. Gbogbo Lozère, odindi département, èèyàn ibẹ̀ ò tó 80,000, ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì nìkan ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ lè pàdé màlúù ju èèyàn lọ. Gers náà dáa, òkè ibẹ̀ kéékèèké ni àmọ́ kì í tán.

Àsìkò náà ní tiẹ̀. Oṣù karùn-ún, ìkẹfà àti ìkẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù. Ní òpin oṣù keje sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹjọ, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń rìnrìn àjò ìsinmi, pàápàá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jìnnà sí ọ̀nà ńlá. Àárọ̀ Sunday dákẹ́ gan-an. Aago méjìlá sí méjì ọ̀sán, oúnjẹ ni gbogbo wọn ń jẹ, ọ̀nà á gbẹ, ẹni tó bá lè fara da oòrùn kó lo àsìkò yẹn.

Òfin wọn, apá ọ̀tún ni wọ́n ń wà bíi tiwa, ìyẹn ò ní dà yín láàmú. Èyí tó ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ní abúlé, tí ò bá sí pátákó kankan ní oríta, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún ló lẹ́tọ̀ọ́ àtikọjá, bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kóńkóló ló ti ń yọ. Tẹ́ ẹ bá rí pátákó yẹ́lò onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun kan, ẹ̀yin lẹ lẹ́tọ̀ọ́, tí wọ́n bá fa igi dúdú kọjá lórí ẹ̀, ẹ̀tọ́ yẹn ti parí. Mọ́tò tó bá fẹ́ yà yín sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú, mítà kan nínú ìlú, púpọ̀ nínú wọn sì ń pa á mọ́. Íápíìsì ò gbọ́dọ̀ wà létí, láti 2015 ni, owó ìtanràn ẹ̀ jẹ́ 135 yúrò. Tílẹ̀ bá ṣú tàbí kùrukùru bá bolẹ̀ níta ìlú, dandan ni jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yanran, kí iná iwájú àti tẹ̀yìn sì ṣiṣẹ́. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 12 gbọ́dọ̀ dé àṣíborí. Ẹ̀yin àgbà náà ẹ dé e, ọ̀rọ̀ orí kọjá ọ̀rọ̀ òfin.

Ọ̀nà tó dákẹ́ náà ní ewu tiẹ̀. Pátákó tó bá kọ Gravillons, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sójú ọ̀dà, ìgbà ooru ló máa ń pọ̀, ẹ dín eré kù, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì ní kọ́nà. Katakata máa ń jáde lójijì látinú oko. Lórí àwọn òkè ńlá, ní Pyrenees àti Alps, ajá funfun gìrìwò kan ń ṣọ́ àgùntàn, patou lorúkọ ẹ̀, tó bá ń bọ̀ wá bá yín, ẹ má sáré, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sáàárín ẹ̀yin àti òun, ẹ máa rìn jẹ́jẹ́ kúrò lọ́dọ̀ àgùntàn. Láti oṣù kẹsàn-án dé ìparí oṣù kejì, àwọn ọdẹ wà nínú igbó, ẹ wọ aṣọ tó hàn. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, 112 ni kẹ́ ẹ pè, ẹ ka nọ́ńbà ọ̀nà àti ti òkúta kìlómítà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ omi àti oúnjẹ ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù, torí kò sí ìyá oníbúrẹ́dì létí ọ̀nà, kò sí píọ́ wọ́tà. Ṣọ́ọ̀bù abúlé máa ń ti ní ọ̀sán, ọ̀pọ̀ máa ń ti láti ọ̀sán Sunday dé gbogbo ọjọ́ Monday. Ẹ ra búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n ṣí. Ní ti omi, ibi tó dájú jù lọ ni itẹ́ òkú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí abúlé tí ò ní ẹ̀rọ omi nínú itẹ́ òkú ẹ̀, àwọn èèyàn fi ń bomi rin òdòdó orí sàréè, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Faransé fúnra wọn ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọnmi. Tí wọ́n bá kọ eau non potable síbẹ̀, ìyẹn omi tí kò ṣeé mu, ẹ má mu ún. Ẹ wọlé jẹ́jẹ́, ẹ ṣí àṣíborí, ẹ pọnmi, ẹ jáde. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò bá gbà á, kó kan ilẹ̀kùn ilé kan kó béèrè, àmọ́ kó kọ́kọ́ sọ bonjour madame tàbí bonjour monsieur kó tó sọ ohunkóhun. Àwọn tó ti ń lọ sí Kútọnù mọ̀ ọ́n, ẹni tí ò kí wọn, wọn ò ní dá a lóhùn dáadáa.

Fọkanáísà náà ò sí. Ẹ mú túùbù méjì, pọ́ǹpù, àlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń lẹ túùbù àti irin tí wọ́n fi ń ṣí taya dání, kẹ́ ẹ sì ti fi ọwọ́ ara yín pààrọ̀ túùbù níbí títí tó fi mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ wo ẹnu fáàfù, èyí tó tín-ín-rín ló wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré wọn, pọ́ǹpù mọ́tò ò ní wọ̀ ọ́. Ní tèmi, kéèyàn yá kẹ̀kẹ́ lọ́hùn-ún rọrùn ju kó gbé tiẹ̀ wọ bàálù, ẹ kàn gbé pẹ́dà àti ìjókòó yín dání tó bá jẹ́ pé ara yín ti mọ́ ọn.

Tírénì agbègbè tí wọ́n ń pè ní TER máa ń gba kẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ ibi ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ nígbà ooru àwọn agbègbè kan fẹ́ kẹ́ ẹ ti gba àyè sílẹ̀. TGV, tírénì wọn tó ń sáré jù, le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní láti sanwó àyè kẹ̀kẹ́ tàbí kẹ́ ẹ tú u sínú àpò. Kẹ́ ẹ tó gbéra láàárọ̀, ẹ wo àsìkò tírénì ìkẹyìn ní ìlú tẹ́ ẹ máa parí sí, ẹ kọ ọ́ sórí pépà, torí ní àwọn ìlú kéékèèké yẹn ó lè jẹ́ aago méje alẹ́ ló máa lọ, kò sì sí bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ẹ̀.